Ṣé Ìwé Kíkà Ni Wọ́n Torí Ẹ̀ Fún Wọn Lámì-Ẹ̀yẹ?



Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀ṣẹ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ẹ̀ka wa, wọ́n ń fún àwọn olùwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ lámì-ẹ̀yẹ, wọ́n sì pe ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó jẹ́ pé ìlera gbogbogbò ni iṣẹ́ wọn. A pàtẹ́wọ́ dáadáa. Ìgbà tí ẹni tó ń darí ètò wá ṣàlàyé pé àpilẹ̀kọ àgbéyẹ̀wò kan tí ẹ̀gbọ́n kọ ni ìgbìmọ̀ wò mọ́ wọn lára, ẹnì kan lẹ́yìn mi sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé: "Àgbéyẹ̀wò kẹ̀? Ṣé ìwé tí wọ́n kà náà la tún ń pàtẹ́wọ́ fún?" Àwa tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín o, mi ò ní purọ́.

Ẹ má bínú sí mi. Lábù lèmi ń gbé. Ẹ̀fọn ni mò ń sìn, òun ni mò ń kà, òun ni mò ń wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọwọ́ rẹ ò bá tíì kan nǹkan kan, tí kẹ́míkà ò tíì ta sí ọ láṣọ, o ò tíì ṣèwádìí nìyẹn. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń ka ohun tí àwọn ẹlòmíì ti ṣe, ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra ìdánwò la fi ń wò ó. Ojú mi ò là àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n yẹn kan náà ní kí n wá ran àwọn lọ́wọ́ lórí àgbéyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àti ìdí tí mo fi gbà pé àmì-ẹ̀yẹ yẹn tọ́ sí wọn, tó sì tiẹ̀ pẹ́ kó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí olùkọ́ kan bá kọ àpilẹ̀kọ láti ṣàlàyé ibi tí ìmọ̀ dé lórí ibà, tó mú àwọn ìwádìí tó mọ̀, tó fi èyí tí kò mọ̀ tàbí èyí tí kò fẹ́ràn sílẹ̀, àgbéyẹ̀wò nìyẹn, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó lọ sọ́jà Bódìjà, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ oníbàárà ẹ̀ nìkan ló yà, tó wá délé tó ń sọ fún wa pé iye tí wọ́n ń ta tòmátì lọ́jà nìyí. Oríṣi kejì ni àgbéyẹ̀wò elétò. Ẹni tó ń ṣe ìyẹn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó jáde nílé pé ìbéèrè báyìí ni mo fẹ́ dáhùn, irú ìwádìí báyìí ni màá gbà, irú báyìí ni mi ò ní gbà. Ó gbọ́dọ̀ yí gbogbo ọjà ká. Ó gbọ́dọ̀ ka iye ìsọ̀ tó yà, kó sì sọ ìdí tí kò fi rajà lọ́wọ́ àwọn tí kò rà lọ́wọ́ wọn. Bí àwọn ìwádìí náà bá jọra tó, ó lè fi ìṣirò pa èsì wọn pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹlòmíì tó bá tẹ̀ lé ìlànà kan náà gbọ́dọ̀ lè gbé ohun kan náà bọ̀ láti ọjà.

Ẹ lè ní, ó dáa, iṣẹ́ ni, àmọ́ kí ló kan ikú àti ìyè níbẹ̀? Ẹ wo ọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń sùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà àti láwọn ìlú bíi tiwọn, ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ń gba àwọn ìyá níyànjú pé kí wọ́n máa da ojú ọmọ bolẹ̀ tó bá fẹ́ sùn. Dókítà Benjamin Spock, tí ìwé rẹ̀ lórí ọmọ títọ́ wà nílé àìmọye èèyàn, wà lára àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1950. Àlàyé wọn sì dùn ún gbọ́ létí: bí ọmọ bá fẹ̀yìn lélẹ̀ tó sì bì, èébì lè há a lọ́fun. Ta ni kò ní gbà? Àmọ́ àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n á sùn lálẹ́ tí wọn kò ní jí mọ́, ọmọ tí kò ṣàìsàn, tí kò ké. Ikú òjijì ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn olùwádìí káàkiri ti ń fi àwọn ọmọ tó kú wé àwọn tó wà láàyè, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe tẹ́ wọn sùn. Ìwádìí kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, kálukú nínú jọ́nà tiẹ̀.

Ọdún 2005 ni Ruth Gilbert àti àwọn mẹ́ta mìíràn tẹ àgbéyẹ̀wò elétò jáde lórí ọ̀rọ̀ náà nínú International Journal of Epidemiology. Wọ́n to àwọn ìwádìí yẹn bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀ léra, wọ́n wá ń wo ibi tí àròpọ̀ wọn dé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ohun tí wọ́n rí ni pé ká ní ẹnì kan ti jókòó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní 1970, ewu tó wà nínú dídojúbolẹ̀ sùn ì bá ti hàn. Ìpolongo pé kí wọ́n máa fẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1991. Ní Amẹ́ríkà, ó di 1994. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ká ní wọ́n ti tètè mọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tó lé ní 10,000 má kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, àti ó kéré tán 50,000 ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti agbègbè Ọsirélíà.

Dátà ti wà nílẹ̀ o, nínú jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè rí kà nílé ìkàwé yunifásítì. Ẹni tó máa kà wọ́n pọ̀ ni kò sí. Mo ka àpilẹ̀kọ yẹn lóru ọjọ́ kan, mo sì rántí ẹ̀rín tí mo rín. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́ nílé, ẹ̀yìn ìyá lọmọ tiwa sábà ń sùn lọ́sàn-án, àmọ́ tó bá di orí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́, ìmọ̀ràn yìí kàn wá bó ṣe kàn wọ́n: ẹ fẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀.)

Ìlà méje àti dáyámọ́ǹdì kan

Tẹ́ ẹ bá ti rí àmì àjọ Cochrane rí, ìyẹn àjọ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa ṣe àgbéyẹ̀wò elétò lórí ìtọ́jú ìlera, ẹ ó rántí pé àwọn ìlà ìbú kéékèèké wà nínú rẹ̀, ìlà òòró kan gba àárín kọjá, dáyámọ́ǹdì kékeré kan sì wà nísàlẹ̀. Mo ti rí i láìmọye ìgbà, ẹ̀ṣọ́ lásán ni mo pè é. Èsì ìdánwò gidi ni.

Ìlà ìbú méjèèje yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdánwò kan lórí oògùn corticosteroid tí wọ́n fún aláboyún tó fẹ́ bímọ kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ìlà tó bá gùn, èsì rẹ̀ kò dáni lójú tó bẹ́ẹ̀; èyí tó kúrú ló dáni lójú jù. Ìlà òòró àárín túmọ̀ sí pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gba oògùn àti ẹni tí kò gbà. Ìdánwò tí ìlà rẹ̀ bá fọwọ́ kan ìlà òòró yìí kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé oògùn ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú méjèèje ló sì fọwọ́ kàn án. Tí dókítà bá ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní "kò tíì dájú", á sì ṣí ojú ìwé tó kàn. Ṣùgbọ́n dáyámọ́ǹdì tó jẹ́ àròpọ̀ gbogbo wọn ti kúrò lára ìlà òòró náà pátápátá, ó wà lápá òsì, lápá ibi tí ikú ti dín kù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n kàn yà á sínú àwòrán ni.

Bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í tíì gbó. Ohun kan bí ọṣẹ wà tó yẹ kó bo inú àwọn àpò afẹ́fẹ́ tín-tìn-tín inú ẹ̀dọ̀fóró kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra. Ọmọ yìí kò tíì ní in tó. Ọmọ á wá máa jà kó tó lè mí. Oògùn tí ìyá gbà máa ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tètè gbó. Ara àgùntàn ni Graham Liggins ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní New Zealand, òun àti Ross Howie sì tẹ ìdánwò àkọ́kọ́ lára èèyàn jáde ní 1972. Àwọn mìíràn ṣe tiwọn lẹ́yìn náà, àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré.

Ní 1981, dókítà agbẹ̀bí kan ará Ireland, Patricia Crowley, kó èyí tó wà nílẹ̀ jọ nínú àpilẹ̀kọ kúkúrú kan tí kò ju ojú ìwé mẹ́rin lọ. Àkọlé rẹ̀ gan-an ti sọ ibi tó dé: àǹfààní oògùn yìí ju ìnira rẹ̀ lọ. Kò dákẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí ìdánwò di méjìlá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbogbo rẹ̀ ṣírò, wọ́n sì tún gbé e jáde ní 1989 àti 1990: ó dín ewu ikú àwọn ọmọ náà kù ní nǹkan bí ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ dókítà kò lò ó. Ó di 1994 kí ìgbìmọ̀ tí àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ tó sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n máa fún àwọn aláboyún bẹ́ẹ̀ ní oògùn náà.

Ibi tó dùn mí nìyí. Àlàyé tó ń tẹ̀ lé àmì yẹn fún ọdún púpọ̀ sọ pé kò sí àgbéyẹ̀wò elétò tó jáde lórí ọ̀rọ̀ náà títí di 1989, pé ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kò fi mọ̀. Iṣẹ́ 1981 ti bọ́ sílẹ̀ nínú ìtàn. Ẹni tó kọ́kọ́ kó wọn jọ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, ìwé ọ̀hún wà nínú jọ́nà. Tí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ tó wá di àmì fún gbogbo ayé, ẹ wo tàwọn kéékèèké tí ń bẹ lẹ́ka yín àti lẹ́ka wa.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á béèrè pé, ṣé dáyámọ́ǹdì yẹn ti wá parí gbogbo ọ̀rọ̀ ni? Rárá o. Ilé ìwòsàn ìlú olówó ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìdánwò ìgbà yẹn, níbi tí wọ́n ti mọ oṣù oyún dájú, tí ẹ̀rọ ìtọ́jú ọmọ sì wà. Ní 2015, wọ́n tẹ èsì ìdánwò ńlá kan jáde láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Kenya àti Zambia wà lára wọn, níbi tí wọ́n ti gbìyànjú láti mú oògùn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún ní abúlé àti ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Ikú kò dín kù láàárín àwọn ọmọ tó kéré jù. Nígbà tí wọ́n sì ka gbogbo ọmọ pọ̀, ikú tún lé díẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá tó gba oògùn ni kò tiẹ̀ bí ọmọ olóṣù àìpé, torí pé mímọ oṣù oyún dájú kò rọrùn níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé wá ṣe òmíràn ní àwọn ilé ìwòsàn tó kájú ẹ̀ ní Bangladesh, Íńdíà, Kenya, Nàìjíríà àti Pakistan. Obìnrin 2,852 ló kópa, èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Ní apá tí wọ́n fún ní dexamethasone, 19.6% àwọn ọmọ tí wọ́n bí láàyè ló kú láàárín oṣù àkọ́kọ́; ní apá tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, 23.5% ni. Nítorí náà, ó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ wa náà, tí wọ́n bá ti mọ oṣù oyún, tí ibi tí wọ́n á ti tọ́jú ìyá àti ọmọ sì dáa.

Látìgbà tí mo ti ka ìyẹn, tí mo bá ń ka àgbéyẹ̀wò, táblì tó sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ wò. Ọ̀dọ́ olùwádìí kan ló sábà máa ń kún táblì yẹn lálẹ́, lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀.

Ohun tí ọwọ́ mi bà

Àgbéyẹ̀wò tí ẹ̀gbọ́n pè mí sí dá lórí ìdí tí àwọn ìdílé kan fi ní àwọ̀n ẹ̀fọn nílé tí wọn kì í sùn sábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé màá fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì parí tèmi. Ẹ̀yin náà ẹ rẹ́rìn-ín.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé a kọ ìlànà wa sílẹ̀, a sì fi sórí PROSPERO, ibi ìforúkọsílẹ̀ ọ̀fẹ́ tí àwọn ará Yunifásítì York dá sílẹ̀ ní 2011, kí gbogbo ayé lè rí ohun tí a ní a máa ṣe ká tó ṣe é. Tí a bá wá yí i padà nítorí pé èsì ò dùn mọ́ wa, ojú á tì wá. Lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan jókòó tì wá fún ọ̀sán gbáko lórí ọ̀rọ̀ tí a máa fi wá nǹkan nìkan. Èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ohun tó jáde lé ní ẹgbẹ̀rún kan àpilẹ̀kọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ka ìsọnísókí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kálukú lọ́tọ̀, ẹnì kan ò gbọdọ̀ rí ìpinnu ẹnì kejì.

Nígbà tí a kọ́kọ́ fi tiwa wéra, ìyàtọ̀ pọ̀ débi pé mo rò pé fáìlì ló bà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí n mú mẹ́wàá jáde nínú èyí tí mo dà nù. Wọ́n wo àkọ́kọ́, wọ́n wo èkejì, wọ́n wo ojú mi.

"Àbúrò, kí ló dé tí o fi da èyí nù?"

"Ẹ̀gbọ́n, ilé ogójì péré ni wọ́n dé. Ó kéré jù."

"Ó dáa. Ibo la ti kọ ọ́ pé a ò gba kékeré?"

Mo wá a nínú ìlànà wa. Kò sí níbẹ̀. Èmi ni mo ń bá ìfẹ́ inú mi lọ láìmọ̀, mò ń yà lọ́dọ̀ oníbàárà mi. Gbogbo èyí tó kéré tí mo dà nù wọ̀nyẹn, abúlé ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó dé ilé ẹgbẹ̀rún, ìlú ńlá. Ká ní a tẹ̀ lé tèmi ni, ìdáhùn wa á jẹ́ ti ará ìlú ńlá nìkan, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni àpilẹ̀kọ méjì tí orúkọ àwọn òǹkọ̀wé wọn kò tò bákan náà, tí àkọlé wọn yàtọ̀, tí jọ́nà wọn yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n ló kíyè sí i pé iye ilé dọ́gba, oṣù tí wọ́n ṣe é dọ́gba. Ewúrẹ́ kan náà ni wọ́n fẹ́ tà fún wa lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní a kà wọ́n sí méjì, ìwọ̀n abúlé kan á di ìlọ́po méjì nínú ìṣirò wa. A kọ̀wé sí wọn, wọn ò fèsì títí dòní.

Mo wá rí ìwádìí kan tí Borah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017. Wọ́n wo àgbéyẹ̀wò 195 tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ lórí PROSPERO. Láti ìforúkọsílẹ̀ dé ìtẹ̀jáde, ó gbà wọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 67, bí a bá pín in dọ́gba, èyí tó sì pẹ́ jù gba ọ̀sẹ̀ 186. Ó lé ní ọdún mẹ́ta àbọ̀. Ìwé kíkà, àbí?

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ láàárín ara wa. Nínú irú iṣẹ́ yìí, àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí ló máa ń ka ẹgbẹ̀rún ìsọnísókí. Ẹni tó wà lókè ló máa ń ní èrò náà, tàbí tó máa ń ní owó náà. Tó bá wá di ọjọ́ ìtẹ̀jáde, ìgbà míì wà tí ẹni tó ka ẹgbẹ̀rún náà á rí orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ àti akọ̀wé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan. Kò lè fi ìdúpẹ́ wá sígbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, kò lè fi wá iṣẹ́.

Mi ò sọ pé kí wọ́n fa orúkọ àgbà ya o. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìbéèrè tó yẹ kéèyàn béèrè, àgbà ló sábà máa ń mọ̀ ọ́n. Àmọ́ òfin tí àwọn olótùú jọ́nà ìṣègùn ń lò kò fi í sílẹ̀ fún ojú àánú. Ohun mẹ́rin ni wọ́n ń béèrè kéèyàn tó jẹ́ òǹkọ̀wé: kó ti ṣe iṣẹ́ gidi nínú ìwádìí náà, kó lọ́wọ́ nínú kíkọ tàbí àtúnṣe ìwé náà, kó fọwọ́ sí èyí tó máa jáde, kó sì ṣe tán láti dáhùn fún un. Ẹ kíyè sí i pé wọ́n tún sọ pé ẹni tó bá ti ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fún un láyè láti ṣe mẹ́ta yòókù. Kíka ìsọnísókí nìkan lè má tó. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi iṣẹ́ fún ọmọ, kẹ́ ẹ má fi ìwé náà hàn án, kẹ́ ẹ wá sọ pé kò kópa nínú kíkọ. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ti ń lo ìlànà tí wọ́n ń pè ní CRediT báyìí, tó pín iṣẹ́ sí ọ̀nà 14, tí wọ́n á kọ ẹni tó ṣe èwo sábẹ́ àpilẹ̀kọ. Kó tó di pé ẹ bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́, kó wà lákọsílẹ̀. Ìyẹn ò ní ká má bọ̀wọ̀ fágbà.

Àmì-ẹ̀yẹ náà ní ewu tiẹ̀. John Ioannidis kọ ọ́ ní 2016 pé láàárín 1991 sí 2014, iye àgbéyẹ̀wò elétò tó ń jáde lọ́dún lọ sókè ní 2,728%, nígbà tí gbogbo àpilẹ̀kọ inú PubMed lápapọ̀ lọ sókè ní 153% péré. Lójú tiẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kò wúlò: ìbéèrè kan náà, ẹni mẹ́wàá ń dáhùn ẹ̀, àwọn míì sì wà tí wọ́n kọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè kọ nǹkan, kó pè é ní elétò. Nísinsìnyí tí ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ lè hun àkọlé ìwádìí tí kò sí níbì kankan fúnni, tòun ti orúkọ òǹkọ̀wé, ẹ ò rí i pé ọ̀ràn dé. Tí ìgbìmọ̀ bá wá ń ka iye àgbéyẹ̀wò tí ọmọ kan kọ lọ́dún, tí wọ́n ń fi ìyẹn fúnni lẹ́bùn, àwọn ni wọ́n ń sọ fún un pé kó máa rọ bùrẹ́dì oníyẹ̀ẹ́.

Èmi tí wọ́n bá fi sí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí màá wò kò pọ̀. Ṣé ó kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ síta kó tó bẹ̀rẹ̀? Tó bá yí i padà, ṣé ó sọ? Ṣé mo lè rí àwọn ìwádìí tí kò gbà, pẹ̀lú ìdí? Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù lójú mi: nígbà tí ẹ̀rí ò lágbára, ṣé ó ní ìgboyà láti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àbí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀? Olùwádìí kékeré tó lè kọ "a ò lè sọ" níwájú ọ̀gá tó fẹ́ kó sọ "ó ṣiṣẹ́", ẹ fún un lámì-ẹ̀yẹ méjì.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú. Cochrane dá ẹ̀bùn Thomas C. Chalmers sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí, wọ́n sì dá ẹ̀bùn Kenneth Warren sílẹ̀ fún àgbéyẹ̀wò tó dáńtọ́ láti ọwọ́ àwọn tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tó ṣì ń gòkè àgbà. Ẹ̀ka wọn ti Nàìjíríà wà ní Calabar. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n fún yín lẹ́bùn, mo wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín."

Wọn ò gbójú sókè lórí kọ̀ǹpútà. "Mo gbọ́. Ohùn tìẹ ló tiẹ̀ ròkè jù." Wọ́n tẹ nǹkan, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. "Àwọn ìwádìí tuntun tó jáde lẹ́yìn tí a wá a lẹ́ẹ̀kíní ńkọ́? Mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó ku mẹ́tàdínlógójì, mà."

"Kí n rí i kó tó di Friday."